H.264 ni mo ṣì ń lò fún fídíò òde àríyá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ya fídíò òde bíi tèmi, ẹ gbọ́ o. H.264, ìyẹn ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kí fáìlì ẹ̀ má bàa tóbi jù, ti wà láti 2003, òun náà ni mo ṣì fi ń ṣe fáìlì tí mo ń kó fún kọ́sítọ́mà. H.265, àbúrò ẹ̀ tó dé ní 2013, dáa, fáìlì ẹ̀ lè kéré tó ìdajì, àwòrán ò sì ní bàjẹ́, mo gbà. Àmọ́ mo fi ṣe fídíò ìgbéyàwó kan, màmá ìyàwó ki fláàṣì bọ tẹlifíṣọ̀n wọn, ohùn ń jáde, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú kirikiri torí pé kò lè ṣí H.265, wọ́n bá pè mí pé "Ọmọ mi, ijó wa dà?" Ó dùn mí gan-an. Nígbà yẹn, ẹgbẹ́ oníṣòwò tó ń gba owó láísẹ́ǹsì H.265, ìyẹn owó àṣẹ láti lò ó, tún ju ọ̀kan lọ, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí Google, Netflix àtàwọn míì para pọ̀ gbé AV1, tóun náà ń fún fídíò pọ̀, jáde ní 2018, ọ̀fẹ́ ni, YouTube náà ń lò ó, àmọ́ kọ̀ǹpútà tèmi máa ń pẹ́ lórí ẹ̀ jù. Tó bá jẹ́ iPhone lẹ fi ń yà, ẹ wọ Settings, Camera, Formats, kẹ́ ẹ mú Most Compatible kẹ́ ẹ tó lọ sóde, kó lè máa fi H.264 yà á.