Àpótí fíúsì onírilé 6 ti Ládìípọ̀: ẹ ra àpótí, ẹ má lo wáyà inú rẹ̀

Àpótí tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ló kún ṣọ́ọ̀bù Ládìípọ̀ ní Múṣin. Ike dúdú ni, ìdérí rẹ̀ mọ́ gaara, rilé 6 (súwíìṣì tí iná kékeré ń pa dé kí iná ńlá lè kọjá) àti fíúsì 6 wà nínú rẹ̀. Wáyà pupa kan tó nípọn díẹ̀ ni ti bátìrì, dúdú kan ni ti ẹ́ẹ̀tì, àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ 6 sì ni ti súwíìṣì. Kò sí orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan lára rẹ̀. Àwọn tó ní Hilux, Navara tàbí L200 ló wúlò fún jù, tí wọ́n bá fẹ́ fi iná gbọọrọ síwájú ọkọ̀, fèrè ńlá, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà àti ínfátà kékeré. Àpótí náà dára, ó tó rà. Wáyà pupa inú rẹ̀ kò dára rárá, fíúsì rẹ̀ kò sì ṣeé fọkàn tán. Ẹ pààrọ̀ méjèèjì kí ẹ tó ṣí bónẹ́ẹ̀tì.

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí àpótí yìí gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù l'Ékòó, ńṣe ni ríwáyà máa ń fa wáyà láti orí bátìrì lọ tààrà sí súwíìṣì inú ọkọ̀, kó tún fà á láti ibẹ̀ lọ sí iná. Kò sí rilé, kò sí fíúsì. Tí ẹrù kejì àti ìkẹta bá dé, orí bátìrì á wá dà bí ìtẹ́ ẹyẹ. Iná gbọọrọ oníwáàtì 120 ń fa ámpìà 10 lórí fóòtì 12 (12 V). Súwíìṣì kékeré kì í lè gbé ìyẹn pẹ́: ẹnu inú rẹ̀ á jó, ike rẹ̀ á yọ́, òórùn á gba inú ọkọ̀. Tí rilé bá wà láàárín, ohun tó ń gba inú súwíìṣì kọjá kò ju nǹkan bí ámpìà 0.15 sí 0.2 lọ.

Nọ́ńbà tó wà lábẹ́ rilé wá láti ìlànà Jámánì tí wọ́n ń pè ní DIN 72552. 30 ni iná ń gbà wọlé láti bátìrì, 87 ló ń gbà jáde lọ sí ẹrù, 85 àti 86 ni ti okùn inú rilé tó ń fà á kó pa ẹnu dé. Nínú àpótí yìí, gbogbo 85 ni wọ́n ti so mọ́ wáyà dúdú, nítorí náà pọ́sítíìfù ni súwíìṣì gbọ́dọ̀ máa rán sí 86. Iṣẹ́ ìsopọ̀ yìí mọ́, ó sì dọ́gba. Òun gan-an lohun tí ẹ ń san owó fún.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lára wáyà pupa. Ẹ bó ẹnu rẹ̀, kí ẹ fi abẹ ha ojú àwọn okùn tín-ín-rín inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bàbà tinú-tòde, bí ẹ ṣe ń ha á tó, pupa náà ni ẹ máa rí. Ti inú páálí yìí, ẹ ò ní ha á jìnnà tí funfun á fi yọjú, nítorí alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní bàbà ni. Alumíníọ̀mù kì í gbé iná tó bàbà tó sanra bákan náà, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ni agbára rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pé ó máa ń tẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀: ojú lọ́ọ̀gì (irin tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ẹnu wáyà) á dẹ̀, á máa gbóná, ìgbóná á tún mú kó dẹ̀ sí i. Fún ọkọ̀ tó ń gbé Lẹ́kkí tàbí Ajah, atẹ́gùn oníyọ̀ ibẹ̀ á tètè jẹ ẹnu rẹ̀ di ẹfun.

Wáyà bàbà 10 mm² ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀, èyí tí okùn inú rẹ̀ pọ̀ tó sì rọ̀. Cutix ní Nnewi ń ṣe wáyà ọkọ̀. Ẹ má gba wáyà ilé olókùn kan ṣoṣo, bí bàbà rẹ̀ ṣe wù kó dára tó, torí gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì á ṣẹ́ ẹ ní ẹnu lọ́ọ̀gì.

Fíúsì kan ṣì kù tí kò sí nínú páálí, òun ló sì ṣe pàtàkì jù lọ. Àwọn fíúsì 6 inú àpótí kò dáàbò bo nǹkan mìíràn ju wáyà tó jáde láti àpótí. Wáyà láti bátìrì dé àpótí wà níhòòhò. Bí ara irin bá ha ike rẹ̀ tó fi kan bọ́dì, bátìrì á tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ámpìà sí i, kò sì sí ohun tó máa dá a dúró títí ọkọ̀ á fi gbiná. Nítorí náà, ẹ fi fíúsì ńlá ámpìà 60 pẹ̀lú ilé rẹ̀ sí i, kó má jìnnà sí orí bátìrì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ẹni tó bá ní ìyẹn kò pọn dandan, ẹ má jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ yín.

Wọ́n kọ 40 ámpìà sára rilé kọ̀ọ̀kan, àmọ́ ìyẹn kò túmọ̀ sí pé àpótí lè gbé 240. Ẹ ro ẹrù yín pọ̀: iná gbọọrọ 10, iná ẹ̀yìn méjì oníwáàtì 27 tó 4.5, ínfátà oníwáàtì 300 ń fa 25 ó kéré tán. Gbogbo rẹ̀ sún mọ́ 40, ó sì tó bẹ́ẹ̀ fún fíúsì 60. Ẹrù tó bá ń ṣiṣẹ́ pẹ́, ẹ má jẹ́ kó ju 20 lọ lórí rilé kan. Wáyà 2.5 mm² tó fún iná gbọọrọ pẹ̀lú fíúsì 15 aláwọ̀ búlúù. Ínfátà nílò 6 mm² àti 30 aláwọ̀ ewé, ẹ má sì jẹ́ kó fa 25 yẹn pẹ́.

Ẹ kó fíúsì inú páálí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ ra Littelfuse tàbí Bussmann. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ike wọn máa ń yọ́ kí irin inú wọn tó já. Ní ti rilé, Bosch tàbí Hella tòkunbọ̀ tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ Jámánì ṣì dára ju tuntun inú àpótí yìí lọ. Ẹ fi mítà wọn 85 sí 86. Nǹkan bí 70 sí 100 ohm ló yẹ kó jẹ́. Rilé Denso ti Toyota lágbára gan-an, ṣùgbọ́n ìtò ẹsẹ̀ rẹ̀ lè yàtọ̀, kó má sì wọ ihò. Bí èyí tí ẹ rà bá ní dáyóòdù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) nínú, ẹ má ṣi 85 àti 86 gbé, fíúsì súwíìṣì á jó lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí ẹ máa gbé e sí: jìnnà sí ẹ̀sọ́ọ̀sì àti tọ́bò, kí ẹnu tí wáyà ń gbà jáde kọjú sísàlẹ̀. Ìdérí ní rọ́bà, àmọ́ ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀, omi àwọn tó ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ́ńjìnnì á wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wáyà kọ́kọ́ rọ̀ sílẹ̀ kọjá àpótí kó tó gòkè wọlé, kí omi lè kán nù. Lọ́ọ̀gì, ẹ fi irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ fi rọ́bà tó ń sún kì bí ó bá gbóná bò ó. Téèpù dúdú kì í pẹ́ nínú ooru yẹn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ tú nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì kọ́kọ́, òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn. Bí sípánà bá kan bọ́dì, kò ní tanná. Wáyà súwíìṣì gbọ́dọ̀ gba inú rọ́bà kọjá lára irin tó pààlà ẹ́ńjìnnì àti inú ọkọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnu irin á gé e. Wáyà tó wà nínú ike yẹ́lò, ti airbag ni, ẹ má fa nǹkan kan lára rẹ̀. Níbi ẹ́ẹ̀tì, ẹ ha ọ̀dà kúrò títí irin á fi dán, kí ẹ dè é mọ́ bóòtù, kí ẹ fi gíríìsì bò ó.

Bí ẹ bá parí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì àti iná gbọọrọ. Ẹ fi ẹnu pupa mítà sí pọ́sítíìfù bátìrì, dúdú sí pọ́sítíìfù iná. Bí ó bá ju 0.5 fóòtì lọ, lọ́ọ̀gì kan dẹ̀ tàbí wáyà kan kéré. Ẹ tún wọn láti nẹ́gẹ́tíìfù iná sí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ́ẹ̀tì ló sábà máa ń jẹ́ ọ̀daràn.

Ẹni tó fẹ́ winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ yọ) nìkan kò nílò àpótí yìí. Winch lè fa tó ámpìà 400 tí ẹrù bá wúwo, tààrà láti bátìrì ló ń jẹun, pẹ̀lú wáyà tirẹ̀ àti rilé ńlá tó bá a wá. Ẹni tí ohun kan ṣoṣo sì wà lọ́kàn rẹ̀, bí iná gbọọrọ, rilé kan àti fíúsì kan tó o, kó fi owó tó kù ra bàbà gidi.