Fílítà B+W Käsemann fún fọ́tò ọkọ̀ lábẹ́ igi ṣẹ́rì: ẹ má yí i dé òpin

Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ Mercedes W123 lọ sábẹ́ igi ṣẹ́rì ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà, nígbà tí òdòdó bá yọ, nǹkan méjì ni yóò máa jà mọ́ ọn lọ́wọ́. Gíláàsì iwájú á funfun báláú nítorí ojú ọ̀run tó hàn nínú rẹ̀. A ò ní rí sítíárì, a ò ní rí àga. Òdòdó á sì tún hàn lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé orí dígí ni wọ́n tẹ́ ẹ sí, ìyẹn gan-an sì ni ohun tó gbé wa débẹ̀. Fílítà polarizer, ìyẹn gíláàsì olórùka tí a ń yí lẹ́nu lẹ́ńsì, ń pa dídán orí gíláàsì, àmọ́ ojú kan náà ló fi ń wo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá yí i dé òpin, ìyẹn ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù, ti fọwọ́ ara rẹ̀ nu òdòdó kúrò lára ọkọ̀.

Polarizer tí a gbé yẹ̀ wò ni B+W Käsemann High Transmission, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 77mm. Jámánì ni iléeṣẹ́ B+W ti wá. Biermann àti Weber ló dá a sílẹ̀ ní Berlin lọ́dún 1947, orúkọ àwọn méjèèjì ni lẹ́tà yẹn. Idẹ ni wọ́n fi ṣe òrùka rẹ̀. Ó wúwo díẹ̀ ju alumíníọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n kì í tètè há mọ́ ẹnu lẹ́ńsì. Wọ́n tún dí etí rẹ̀ pa, kí ọ̀rinrin má bàa ráyè wọ àárín gíláàsì méjèèjì. Ẹni tó bá mọ ìrì ẹ̀bá odò Potomac láàárọ̀ á mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Ní ti ìmọ́lẹ̀, àwọn polarizer mìíràn a máa jẹ tó stop méjì (stop kan ni kí ìmọ́lẹ̀ dín kù sí ìdajì), ìyẹn ni pé ìdá kan nínú mẹ́rin ló ń wọlé. Èyí ń jẹ bíi ọ̀kan sí ọ̀kan àbọ̀.

Owó rẹ̀ ga, a ò ní purọ́. Ohun tí owó náà ń rà ni àwọ̀. Òdòdó Yoshino, irú ṣẹ́rì kan níbẹ̀, funfun ni, pupa tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan, fílítà pọ́ọ́kú sì lè sọ ọ́ di àwọ̀ bọ́tà. Kí ẹ tó sanwó fún fílítà èyíkéyìí, ẹ gbé e sórí bébà funfun nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán: bí bébà bá yí sí yẹ́lò tàbí àwọ̀ ewé, ẹ dá a padà. Ẹ dúró níwájú dígí pẹ̀lú, kí ẹ kọ ojú tó ní ẹyọ skúrù sí dígí, kí ẹ wá gba inú fílítà náà wo òjìji rẹ̀ nínú dígí. Tó bá dúdú, circular ni lóòótọ́, irú polarizer tó bá autofocus (ètò tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán mọ́ fúnra rẹ̀) mu. Tó bá mọ́ kedere, linear, irú kejì, ni wọ́n tà fún yín, ó sì lè da autofocus àwọn kámẹ́rà kan láàmú. 77mm ni kí ẹ rà, bí lẹ́ńsì yín tilẹ̀ jẹ́ 67mm. Òrùka àfikún 67 sí 77 kò wọ́n, fílítà kan á sì tó fún gbogbo lẹ́ńsì tí ẹnu rẹ̀ kò ju 77mm lọ.

Títì Ohio Drive ní ọgbà East Potomac Park ló rọrùn jù fún ọkọ̀, nítorí títì gba abẹ́ igi kọjá, àyè ìgbọ́kọ̀sí sì wà. Ní etí adágún Tidal Basin, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn lábẹ́ wọn. Ìparí March sí ìbẹ̀rẹ̀ April ni Yoshino sábà máa ń yọ tán. Ọjọ́ tí 70% òdòdó bá là ni National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà wọ̀nyí, ń pè ní góńgó rẹ̀. Òjò kan tàbí afẹ́fẹ́ líle kan lè gbọn gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ẹ débẹ̀ kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí taya má sì gun koríko: ọkọ̀ a máa tẹ ilẹ̀ pa mọ́ gbòǹgbò.

Ẹ lo lẹ́ńsì 85mm, ihò lẹ́ńsì f/4, ìyára 1/250 ìṣẹ́jú àáyá, ní nǹkan bíi mítà mẹ́wàá sí ọkọ̀. Ẹ kúnlẹ̀ títí ojú kámẹ́rà á fi bá iná iwájú dọ́gba. Òdòdó funfun a máa tan mítà ìmọ́lẹ̀ jẹ, fọ́tò á wá ṣú bí eérú. Ẹ fi +0.7 stop kún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Ẹ wá yí òrùka náà díẹ̀díẹ̀. Láti ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ jù dé ibi tí kò ti ṣe nǹkan kan, ìdá mẹ́rin òbírí ni. Ẹni tó ń wò láti ẹ̀yìn kámẹ́rà, apá òsì ni kó máa yí i sí. Bó bá yí i sí ọ̀tún, ó lè máa tú fílítà náà láìmọ̀, títì ni yóò sì bá a.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì dùbúlẹ̀, gíláàsì ẹ̀gbẹ́ dúró ṣánṣán. Nítorí náà, ibi tí fílítà ti ń pa dídán gíláàsì ẹ̀gbẹ́ kì í ṣe ibi tó ti ń pa ti bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá ya ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ lè rí inú ọkọ̀ kí òdòdó sì wà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, nínú fọ́tò kan ṣoṣo. Gíláàsì iwájú ló ṣòro, torí òun àti bọ́nẹ́ẹ̀tì jọ ń lọ ni. Kámẹ́rà orí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni ọ̀nà àbáyọ: ẹ ya ọ̀kan ní yíyí tán fún gíláàsì, ẹ ya èkejì ní ìdá mẹ́rin òbírí sí i fún bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ so méjèèjì pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Manual ni kí exposure (ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀) wà, kí white balance (ètò àwọ̀) má sì sí lórí auto, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ méjèèjì ò ní bára mu.

Fílítà yìí ò lè ṣe ohunkóhun sí bọ́mpà W123, nítorí krómù ni wọ́n fi bò ó, irin tó ń dán sì ni krómù. Ọ̀dà àti gíláàsì nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fi iná mú le lè yọ àmì tó-tò-tó bí ara ẹtù, kì í ṣe ẹ̀bi fílítà. Bí ẹ bá dá kámẹ́rà dúró lóòró, ẹ tún òrùka yí, torí gbogbo ètò ti yí pẹ̀lú rẹ̀. Lórí lẹ́ńsì 24mm tó ń rí ibi gbooro, apá kan ojú ọ̀run á ṣú, apá kejì á funfun. Ẹ yọ fílítà kúrò níbẹ̀. Ẹ bọ́ awò oòrùn polarized pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa rò pé skíríìnì kámẹ́rà ti kú.

Òdòdó tó bá já sórí ọkọ̀ tútù, omi ni kí ẹ dà sí i. Àkísà á fi eruku abẹ́ rẹ̀ ha ọ̀dà. Ẹ ṣa èyí tó kó sí ihò ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, nítorí ibẹ̀ lomi ń gbà jáde, ìpatà sì ń bẹ̀rẹ̀ níbi tómi bá dúró sí.

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì, Kwanzan, irú ṣẹ́rì mìíràn, á yọ ní East Potomac Park kan náà, òdòdó rẹ̀ nípọn, ó pupa rẹ́súrẹ́sú, ewé sì ti wà lórí igi. Nígbà yẹn ni kí ẹ yí fílítà dé òpin lẹ́ẹ̀kan, pàápàá lẹ́yìn òjò: dídán omi á kúrò lára ewé, àwọ̀ pupa náà á sì jinlẹ̀ sí i.