Elden Ring: Ẹni tó pe ẹ̀mí sí ìjà kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán láàárín àwa tí a ń gbá géèmù ní Kàbà: ṣé ẹni tó pe ẹ̀mí kó wá gbèjà òun nínú géèmù Elden Ring ti borí ọ̀tá lóòótọ́, àbí ìrẹ́jẹ ló ṣe? Mo ti gbá géèmù náà parí lórí PS4, mo sì ti gbá àfikún rẹ̀ pẹ̀lú. Lójú tèmi, kò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ìdí rẹ̀, ó yẹ kí ẹni tí kò tíì fọwọ́ kàn án mọ bí ìjà inú rẹ̀ ṣe rí.

FromSoftware ti ilẹ̀ Japan ló ṣe é, Hidetaka Miyazaki ló darí iṣẹ́ náà, George R. R. Martin ló sì kọ ìtàn ìwáṣẹ̀ tí ayé inú rẹ̀ dúró lé. Ó jáde ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì ọdún 2022. Kò sí ibi tí ẹ ti máa yàn bóyá ẹ fẹ́ èyí tó rọrùn tàbí èyí tó le. Ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wa ń bá pàdé. Bí wọ́n bá pè yín lóde nígbà tí ìjà ń lọ, ọ̀tá kò ní dúró dè yín. Tí ẹ bá kú, àwọn rune tí ẹ fi ń ra nǹkan, tí ẹ sì fi ń gbé agbára yín ga, máa wà níbi tí ẹ kú sí. Ẹ lè padà lọ kó wọn, àmọ́ bí ẹ bá tún kú lójú ọ̀nà, wọ́n ti lọ nìyẹn.

Ìjà yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù. Bí ẹ bá ṣá idà, bí ẹ bá yí gbirigbiri láti yẹ̀ ẹ́, bí ẹ bá fi asà gbà á, gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ nínú okun yín. Bí okun bá tán láìròtẹ́lẹ̀, ẹ ti di ẹran lójú ọ̀tá. Ṣùgbọ́n bí asà yín bá gba idà rẹ̀, tí ẹ sì dá a padà lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ìkọlù tó wúwo, ẹsẹ̀ tirẹ̀ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Bí ẹ bá ń fò sókè lù ú lemọ́lemọ́, bákan náà ni. Nígbà tó yá, á kúnlẹ̀, ẹ ó sì lọ gún un. Ìró kan máa ń dún nígbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tá bá yẹ̀ báyẹn. Títí di òní, bí mo bá gbọ́ ọ, orí mi máa ń wú.

Margit, ọ̀tá ńlá tó dúró lójú ọ̀nà ilé olódi Stormveil, ló máa kọ́ yín ní ìjà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti pa géèmù yìí tì. Ó máa gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè, á mú un dání síbẹ̀, títí ẹ̀rù á fi mú yín yí gbirigbiri kí àsìkò tó tó, ìgbà yẹn ló máa tó sọ ọ́ kalẹ̀ lé yín lórí. Ẹni tó bá ti sá fún egúngún onípàṣán rí ní ilẹ̀ Òkun mọ irú ìdúró bẹ́ẹ̀: pàṣán tó ṣì wà lókè ló ń tú ọmọ ká. Ẹ tẹjú mọ́ apá rẹ̀. Ìgbà tí apá bá ń bọ̀ nílẹ̀ ni kí ẹ tẹ bọ́tìnì. Kò sì sẹ́ni tó fi dandan lé e pé kí ẹ kojú rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ gun Torrent, ẹṣin yín, ẹ gba ìhà gúúsù lọ sí Weeping Peninsula, ẹ wá ohun ìjà, ẹ gbé Vigor, ìyẹn ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ní, sókè, kí ẹ tó padà wá. Oníṣòwò kan, Patches, tó wà nínú ihò Murkwater máa ń ta ẹ̀wọ̀n kan ní 5,000 rune tó lè de Margit mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti Vigor, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e dé 40 kí ẹ tó wọ ìlú Leyndell, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí 60 lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé ọ̀tá ń fi ìkọlù kan pa òun ló ti kó gbogbo rune rẹ̀ lé agbára idà, tó gbàgbé ara rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ géèmù, ní Church of Elleh, obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Renna máa fún yín ní agogo àti eérú ìkookò mẹ́ta. Ẹ lu agogo, òkú á dìde gbèjà yín, bí òkúta ìpè bá wà nítòsí. Àbúrò mi tó wà ní Ìsánlú kò fẹ́ gbọ́ rárá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó pe Mimic Tear kò tíì bá Malenia jà. Ẹlòmíì ló bá a jà fún un." Mimic Tear ni ẹ̀mí tó ń gbé àwòrán yín wọ̀, Malenia sì wà lára àwọn ọ̀tá tó le jù nínú géèmù náà. Mo bi í pé ta ló fi agogo náà sínú géèmù? Àwọn tó ṣe é náà ni. Àwọn náà ló fi obìnrin kan, Roderika, síbẹ̀ kó máa fún ẹ̀mí lágbára títí dé +10. Wọn kò ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn kí a lè máa fi wò lásán.

Ohun tó tilẹ̀ ń dùn mí ni pé ẹni tí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dúró dáadáa lè pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọlé kí wọ́n jọ jà, kò sì sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀lẹ tó bẹ́ẹ̀. Lórí PS4, ẹ máa sanwó PlayStation Plus kí ìyẹn tó ṣeé ṣe. Ta ni nínú wa tí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì rẹ̀ máa gbé irú eré bẹ́ẹ̀ dópin? Ó sàn díẹ̀ ní ìgboro Kàbà. Bí ẹ bá wọ inú Bùnú, ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló ń gbá a láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá, tó jẹ́ pé yàtọ̀ sí àwọn bíi Rogier tí géèmù fúnra rẹ̀ ń gbé wá nígbà mìíràn, ẹ̀mí wọ̀nyí ni alábàájà tí a ní.

Kò sì sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Mimic Tear, ẹ̀jẹ̀ yín ló ń gbà kó tó dìde. Ní ti Malenia, gbogbo ìgbà tí idà rẹ̀ bá kan ẹnikẹ́ni ni ara rẹ̀ ń yá, ì báà jẹ́ ẹ̀yin, ì báà jẹ́ ẹ̀mí yín, kódà bí asà bá gbà á. Ẹ̀mí tí kò lè yẹ Waterfowl Dance, ìkọlù rẹ̀ tó ń ṣá idà lemọ́lemọ́, lè wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn fún un lójú yín. Èmi pe ẹ̀mí, síbẹ̀ ó ń pa mí títí mo fi mọ ìgbà tó máa fò sókè.

Ibi tí mi ò ti gbè sẹ́yìn géèmù náà ni apá ìparí. Láti agbègbè Mountaintops of the Giants lọ, ìkọlù àwọn ọ̀tá le ju bó ṣe yẹ lọ, kì í ṣe pé wọ́n gbọ́n sí i. Bí ọ̀tá bá tóbi, ẹ kì í rí ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ lójú síkírìnì. Elden Beast, ọ̀tá tó gbẹ̀yìn géèmù náà, sì máa ń sá jìnnà débi pé eré lílé pọ̀ ju ìjà lọ. Oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni wọ́n tó jẹ́ kí a lè gun ẹṣin níbẹ̀.

Àfikún rẹ̀, Shadow of the Erdtree, jáde ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 2024. Ẹ gbọ́dọ̀ borí ọ̀tá ńlá méjì, Radahn àti Mohg, kí ẹ tó lè wọ̀ ọ́. Agbára tí ẹ gbé wá kò tó níbẹ̀. Scadutree Fragment ni ẹ máa wá kiri, ègé tí ẹ máa fi gba ìbùkún tó ń fi kún agbára yín níbẹ̀. Àwọn èèyàn kígbe pé ó le jù, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi jẹ́ kí àwọn ìbùkún àkọ́kọ́ lágbára sí i. Ní oṣù Kẹsàn-án, wọ́n tún dín agbára ọ̀tá tó gbẹ̀yìn àfikún náà kù díẹ̀. Inú àwọn kan kò dùn. Inú tèmi dùn, nítorí ìjà tí èèyàn ò ti lè rí ohun tó ń pa á, kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ yan Vagabond nínú àwọn jagunjagun tí géèmù máa ní kí ẹ mú ọ̀kan láti fi bẹ̀rẹ̀. Asà tó fi ń bẹ̀rẹ̀ máa ń gba ìkọlù idà láìjẹ́ kí ó kan ẹ̀jẹ̀ yín rárá. Ọ̀tá ẹlẹ́ṣin oníwúrà tí ẹ máa rí bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde síta, ẹ fi sílẹ̀ títí ẹ ó fi ní ẹṣin tiyín.