PostgreSQL láti inú psql: ohun tí mo rí lẹ́nu iṣẹ́ ní Àjàṣẹ́

Àkọsílẹ̀ owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wà ní ìkáwọ́ mi. Orí PostgreSQL, ètò tí a fi ń kó dátà pamọ́, ni gbogbo rẹ̀ wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Psql, ojú dúdú tí a ti ń tẹ àṣẹ, ni mo fi ń tọ́jú rẹ̀, kò sì wù mí láti fi ètò onítitẹ̀-bọ́tìnnì kankan rọ́pò rẹ̀.

Bí mo bá lọ sí Kétu tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń fà, ssh, ọ̀nà àtiwọ kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ni mo fi ń wọ sẹ́fà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àkọsílẹ̀ náà wà. Ọ̀rọ̀ lásán ló ń kọjá, kò jẹ dátà. \dt á to orúkọ àwọn àtẹ sílẹ̀. Àṣẹ \x á dá ìlà gígùn dúró lóòró kó lè ṣe é kà lórí fóònù.

BEGIN, àṣẹ tó ń mú kí àyípadà dúró títí mo fi máa fọwọ́ sí i, ló jẹ́ kí n fọkàn tán an. Òun ni mo máa ń kọ́kọ́ tẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan owó ẹnikẹ́ni. Àmì ìràwọ̀ kékeré á yọ níbi tí mo ti ń tẹ̀wé, ìyẹn ni pé nǹkan ò tíì wọlé. Lẹ́yìn tí mo bá fi UPDATE yí nǹkan padà, bí UPDATE 1 bá jáde, ẹnì kan ṣoṣo ló kàn, mo lè tẹ COMMIT kó wọlé. Bó bá jẹ́ UPDATE 340, ROLLBACK á dá gbogbo ẹ̀ padà. Owó àwọn ìyá tó ń tajà ní Ouando ni o! Iná ń lọ lójijì níbí, àmọ́ inú WAL, ìwé àkọsílẹ̀ àyípadà tí PostgreSQL ń tọ́jú, ni àyípadà ti ń kọ́kọ́ wọlé. Bí sẹ́fà bá tún tàn, ibẹ̀ ló ti ń kà á padà.

Orúkọ wa ló ń fún mi níṣòro. Fóònù kan á fi Ṣ ránṣẹ́ bíi lẹ́tà kan, òmíràn á fi S ránṣẹ́ lọ́tọ̀, àmì ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀. Lójú wa, Ṣadé kan náà ni; lójú PostgreSQL, èèyàn méjì ni. Láti ẹ̀yà 13, tó jáde ní 2020, ni normalize(), tó ń sọ ìkọsílẹ̀ méjèèjì di ọ̀kan, ti wà, ó sì tán ìyẹn. Kò kan àwọn tó ń kọ ɛ àti ɔ bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Benin. Translate(oruko, 'ɛɔ', 'ẹọ') ni mo fi ń yanjú tiwọn. Ó yẹ kí ẹni tó ń tọ́jú orúkọ Yorùbá mọ èyí kó tó bẹ̀rẹ̀.

Fáìlì pg_hba.conf, tó ń sọ ẹni tó lè wọlé, le fún ẹni tuntun: ìlà àkọ́kọ́ tó bá bá ẹni tó ń wọlé mu nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìyókù dàbí ẹni pé kò sí. Ẹ fi pg_dump ṣe ẹ̀dà lálaalẹ́, kí ẹ sì gbé e sí ìlú mìíràn. Ṣábẹ̀ẹ́ ni tiwa wà.