Ọ̀gà inú dígí: ohun tí ojú mi rí ní ìsọ̀ tí mo ti rà á ní Ìlọrin

Inú dígí ẹja ni àwọn tó ń ta ẹranko fi ọ̀gà sí. Wọ́n da iyanrìn sí ìsàlẹ̀, wọ́n gbé àwo omi sí igun kan, wọ́n sì fi páálí dé e lórí. Kò sí igi, kò sí ewé kan ṣoṣo. Ọ̀gà méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó tóbi jù nà sórí iyanrìn, ó dúdú bí èédú, ojú rẹ̀ méjèèjì sì pa dé ní aago méjìlá ọ̀sán.

Mo rò pé oorun ló ń sùn. N kò mọ̀ nígbà náà pé ọ̀gà tí ara rẹ̀ dá kì í sùn lọ́sàn-án. Mo san ₦9,000, ọmọ mi ọkùnrin gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Oṣù Kejì ni, ọyẹ́ ò tíì lọ tán.

Kí a tó kúrò níbẹ̀, mo bi ọmọkùnrin tó ń bá wọn tajà léèrè bó ṣe ń mu omi. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Àǹtí, omi wà nínú àwo, bí òùngbẹ bá ń gbẹ ẹ́, á mu ún." Omi yẹn kún dẹ́múdẹ́mú, eruku sì ti bo ojú rẹ̀. Ó yẹ kí n ti fura. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Òmù-Àrán, àárọ̀ tí òjò bá rọ̀ mọ́jú la máa ń bá ọ̀gà lórí igi, tó ń lá omi tó dúró lórí ewé. Ẹ̀kán omi tó ń kán ni wọ́n mọ̀ ní omi. Ọ̀pọ̀ wọn á jókòó ti àwo títí òùngbẹ á fi pa wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ mi, mo wò ó dáadáa. Ojú ọ̀gà máa ń yọ síta róbótó, ọ̀kan á máa wo iwájú, ìkejì á máa wo ẹ̀yìn. Ojú ọ̀gà tiwa ti jìn wọnú, bí ojú ibi tí èèyàn fi àtàǹpàkò tẹ̀ lórí ẹ̀bà. Ó fẹ́ di ìka mi mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dì í.

Dókítà ẹranko tẹ àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀, ó ní egungun rẹ̀ ti ń rọ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ló ti lò nínú dígí yẹn kí n tó rà á. Ọ̀gà nílò ìtànṣán oòrùn tí wọ́n ń pè ní UVB, òun ni ara rẹ̀ fi ń ṣe fítámì D3, fítámì yìí ló sì ń jẹ́ kí kálísíọ̀mù inú oúnjẹ dé egungun. Dígí kì í jẹ́ kí UVB kọjá. Bí wọ́n tiẹ̀ gbé dígí náà sínú oòrùn, ooru nìkan ni yóò wọlé, ooru yẹn á sì sè é láàyè. Dókítà tún sọ fún mi pé irú èyí, Chamaeleo senegalensis, igbó ọ̀dàn tiwa níhìn-ín ló ti wá. Òkè òkun ni wọ́n pè é fún mi ní ìsọ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni méjì tí wọ́n kó pọ̀. Ọ̀gà kì í fẹ́ alábàágbé. Bó bá rí òmíràn, ara rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò ní jẹun. Nínú dígí, òjìji ara rẹ̀ pàápàá ń dojú kọ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sì rí ewé tí yóò sá sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pín sí méjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Igi ni Ọlọ́run dá a láti fi máa dì mú, wọ́n wá fi iyanrìn tẹ́ ilẹ̀ fún un. Bó bá na ahọ́n mú ìrẹ̀ nílẹ̀, á gbé iyanrìn mọ́ ọn mì.

Káfíńtà àdúgbò wa kan àgò fún mi ní ₦14,000. Ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 3, ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1½, nẹ́ẹ̀tì onírin ti ojú fèrèsé ló fi yí i ká. Ẹ̀ka gúáfà tewétewé la kó sínú rẹ̀. Mò ń wọ́n omi sórí ewé láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mo sì dá ihò abẹ́rẹ́ sí ìdí ike omi kan tó ń kán tó, tó, tó láti òkè. Láàárọ̀ a máa ń gbé e sí oòrùn, a ó fi aṣọ ṣíji bo apá kan. Àwọn ọmọ ń mú tata wá láti pápá tí wọn kì í fín oògùn sí, èmi á wọ́n kálísíọ̀mù tí dókítà fún wa sí i lára. Àlàájà ilé kejì kò tíì wọlé wa láti ìgbà náà, wọ́n gbà pé oògùn ni mo fẹ́ fi ọ̀gà ṣe.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó la ojú, ara rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé. Mo sunkún.

Mo padà sí ìsọ̀ náà. Kí n má purọ́, ajá àti ẹyẹ wọn mọ́ tónítóní, wọ́n ń jẹun dáadáa, n ó sì tún rà wọ́n níbẹ̀. Ìyá tó ni ìsọ̀ gbọ́ mi títí dé òpin. Wọ́n kó iyanrìn kúrò, wọ́n sì ki ẹ̀ka igi kan bọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀gà kejì ṣì wà nínú dígí, àwo omi ṣì wà ní igun. Wọ́n ní oníbàárà fẹ́ràn kí wọ́n máa rí i dáadáa. Mo ní, "Mà, èèyàn ń ríran láti inú nẹ́ẹ̀tì náà."

Nẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ káfíńtà tó àgò kan sí i. Mo ti bá wọn sọ ọ́ pé n ó gbé e wá ní Sátidé, èmi ni n ó sì san owó iṣẹ́ káfíńtà.