The Rise of Skywalker: àwọn tó bú u àtàwọn tó sunkún

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tún The Rise of Skywalker wò ni, fíìmù Star Wars tó jáde ní December 2019 tí wọ́n fi parí ìtàn ìdílé Skywalker tó ti wà nílẹ̀ láti 1977, inú ṣì ń bí mi sí i, mo sì ṣì fẹ́ràn ẹ̀. Lórí Rotten Tomatoes, ìkànnì tó ń kó èrò àwọn èèyàn nípa fíìmù jọ, bíi ìdajì àwọn lámèyítọ́ péré ló ní ó dáa, àmọ́ àwa tá a sanwó wò ó, 86% wa ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn kan ní ńṣe ni J.J. Abrams tó darí ẹ̀ kàn ń pa iṣẹ́ tí Rian Johnson ṣe nínú The Last Jedi, fíìmù tó ṣáájú ẹ̀ ní 2017, rẹ́, àwọn kan ní rárá o, ìdágbére tó wọni lára ni.

Tèmi rèé. Palpatine, olú-ọba burúkú inú ìtàn náà, tó jí dìde láìsí àlàyé gidi dùn mí o, ẹni tí wọ́n ti jù sí kòtò nínú fíìmù 1983! Àmọ́ èyí tó ká mi lára jù ni pé ó nira fún fíìmù yẹn láti jẹ́ kí ẹni tó kú kú. Rey, akọni obìnrin fíìmù náà, rò pé mànàmáná ọwọ́ òun ti pa Chewbacca, ọ̀rẹ́ ẹ̀ onírun yẹn, o ò tíì nu ojú tán tí wọ́n ti fi hàn ẹ́ pé inú ọkọ̀ mìíràn ló wà. C-3PO, rọ́bọ́ọ̀tì wọn, gbà kí wọ́n nu gbogbo ìrántí òun kí wọ́n lè mọ ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀bẹ kan tó jẹ́ tàwọn Sith, àwọn ẹni ibi inú ìtàn náà, ó wá rọra yíjú wo àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi ti lé sójú mi, kò pẹ́ R2-D2, rọ́bọ́ọ̀tì ọ̀rẹ́ ẹ̀, ti dá ìrántí ọ̀hún padà. Kí ni mo wá ń sunkún sí? Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 22 ni o, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ ká mí kanlẹ̀, òótọ́ làwọn tó ní ó ń kánjú sọ. Rose tí Kelly Marie Tran ṣe náà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má jẹ́ kó sọ̀rọ̀, ìyẹn ò dáa rárá.

Ti Leia, aṣáájú wọn, ló yàtọ̀. Carrie Fisher tó ṣe Leia ti kú láti December 2016, àwòrán ẹ̀ tó ṣẹ́ kù láti fíìmù 2015 ni wọ́n tò síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n sọ fún Chewbacca pé Leia ti lọ, ó wó lulẹ̀, ó ń ké, kò gbà kẹ́nikẹ́ni rẹ òun lẹ́kún. Wọn ò lè mú un padà lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má bú ẹni tó sunkún níbẹ̀, èmi náà sun ún.

Márùn-ún nínú mẹ́wàá ni mo fún un, ẹkún Chewbacca yẹn ló gba méjì níbẹ̀.