Mítà 5,000 àbí 10,000: èwo ni kí ọmọ Kabba mú?

Nínú eré sísá lórí pápá onímítà 400, ìyípo 12 àtààbọ̀ ni mítà 5,000, ìyípo 25 gbáko sì ni 10,000. Nínú ìdíje àgbáyé òde òní, ẹni tó fẹ́ gba góòlù 5,000 máa sá a lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ díẹ̀, ìpele àkọ́kọ́ àti àṣekágbá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ti 10,000. Lórí pápá Kabba tàbí Ìsánlú, ìṣẹ́jú 14 fún 5,000 túmọ̀ sí ìṣẹ́jú-àáyá 67 fún ìyípo kan. Ìṣẹ́jú 30 fún 10,000 jẹ́ 72. Lára ohun tó ń tán ẹlẹ́sẹ̀ 10,000 lókun ni sísá ní ìlà kejì láti inú pápá: bíi mítà 7 ló ń fi kún ìyípo kọ̀ọ̀kan, ká má tíì sọ ti oòrùn. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá ṣì yá lẹ́yìn tí agogo ìyípo ìkẹyìn dún, 5,000 ni kó o mú. Joshua Cheptegei ará Uganda ò tilẹ̀ yan ọ̀kan: lọ́dún 2020 ló fọ́ àkọsílẹ̀ àgbáyé méjèèjì, 12:35.36 àti 26:11.00.